Wọ́n Ní Kí Ìyá Chidi Sọ Oríkì Rẹ̀

Ìdìbò gómìnà kan tí a ṣe ní Pápá Àjàó, ní àìpẹ́ yìí, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ń bi mí pé kí ni nátífísíìmù. Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní èrò pé onílẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlú ni. Ní Mushin, "àwa la nilẹ̀" là ń pè é, igi ni wọ́n sì fi ń kọ́ni.

Èmi tí mo ti ń jà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ títí irun mi fi funfun ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní ibùdó ìdìbò náà. Ìyá Chidi, aládùúgbò mi tó ń ta òkìrìkà, ti wà lórí ìlà láti àárọ̀. Ni Ràṣídì, ọmọ àdúgbò wa, bá kó àwọn ọmọ ìta dé. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá ti jọ ti Yorùbá lójú wọn, wọ́n á ní kó sọ oríkì rẹ̀. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan ò mọ tirẹ̀. Wọ́n lé e tẹkún-tẹkún.

Ó kan Ìyá Chidi.

"Màmá, kí ni oríkì yín?"

"Mi ò ní. Àmọ́ mo mọ tìẹ, Àlàní. Nígbà tí màmá ẹ kú, ta ló ń fi pè ẹ́ wá jẹun?"

Ràṣídì wolẹ̀.

Mo ní, "Ràṣídì, Ìkìrun ni bàbá ẹ ti wá ránṣọ níbí. Ìgbà wo lẹ di onílẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má dá sí i. Wọ́n rán wa ni." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n nà yín."

Ìyá Chidi lọ láìdìbò. Mo pariwo títí wọ́n fi fa ẹ̀wù mi ya. Àwọn ọlọ́pàá ń wòran. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni.

Àwọn tó rán Ràṣídì borí nínú ìdìbò náà, wọn ò sì rántí rẹ̀ mọ́. A pẹjọ́, ilé ẹjọ́ dà á nù. Tí èrè kan bá wà, òun ni pé ẹ̀yin ń bèèrè. Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó lọ bẹ Ìyá Chidi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Tẹ́lẹ̀, tá a bá pàdé láàárọ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Yorùbá rẹ̀ dán ju tàwọn ọmọ mi lọ.

Lónìí, "Good morning, sir" ló ń kí mi, tí á sì kọjá lọ.