Ariwo Jíà Lọ́jọ́ Jímọ̀

Bàbá kan tó mọ ọkọ̀ tún ṣe wà ní mọ́ṣáláṣí wa ní Houston. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí fìlà wọn, wọ́n á ní kí ẹni náà bá wọn mú un dání.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ̀ mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gbàgàgbàgà tí mo bá ti pààrọ̀ jíà. Èmi ni mo yọ sàlẹ́ńsà tó bá a wá, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, tí mo fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Kí n tó gbé e dé mọ́ṣáláṣí, mẹkáníìkì méjì ti ní jíà ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pasadena.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ti kú."

"Ṣé ìwọ lo sin ín ni? Pààrọ̀ jíà kí n gbọ́."

Wọ́n ṣí fìlà fún mi mú dání, wọ́n dijú, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ tàwọn ti jalabíà. Ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́.

"Rọ́bà tó gbé sàlẹ́ńsà rẹ dúró ló já! Sàlẹ́ńsà ló ń gbá jíà. Kò sóhun tó ṣe jíà."

Wọ́n fi wáyà so ó. A jọ wà á gba márosẹ̀ freeway dé àdúgbò Westchase láti dán an wò, ọkọ̀ ò pariwo mọ́. Bàbá ń pàtẹ́wọ́.

"Tètè jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè o. Ọ̀gá tuntun kì í gbọ́ àwáwí."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣáájú ọ̀gá dé ibi iṣẹ́.