Òwú Tí Mo Yọ Létí Akínwálé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú etí mi rí, kí èyí tó kù nínú rẹ̀ tó tán.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì. Ṣé ẹ mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà? Ta ni yóò já ẹni tó ní dìgírì ní koro? Nígbà tí bàbá mi kú, mo jogún ilé ìlagi rẹ̀ ní Oǹdó. Áà, òórùn igi tútù láàárọ̀! Ó ṣì wà nímú mi títí dòní. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ẹni méjì kò lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnu kan etí.

A ní àṣà kan níbẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ tuntun bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tán, a ó pa ẹ̀rọ, ẹnì kan á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á rọra pe orúkọ rẹ̀. Tí kò bá dáhùn, a ó pàtẹ́wọ́ pé etí ti tilẹ̀kùn. Nígbà tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, etí á ti là padà, a ó sì ní ó ti di ọkùnrin.

Èmi ni mo kọ́ wọn lọ́rọ̀ ìlẹ̀kùn yẹn o. Mo rántí láti ilé ẹ̀kọ́ pé irun wẹ́wẹ́ wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ohùn, àti pé ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí i pé kó dẹwọ́ bí ariwo bá pọ̀. Mo ní Ọlọ́run ti fi ọlọ́dẹ síbẹ̀, kí la tún ń wá? Ìdajì ìmọ̀!

Ni Akínwálé bá dé, ọmọ Ipogun, ọkùnrin tó ń la gẹdú bí ẹni ń la ẹ̀kọ. Òun ló ń léwájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó fi òwú dí etí méjèèjì, ó ní òun kò fẹ́ kí ohùn orin sọnù mọ́ òun lọ́wọ́. Mo pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, mo fi ọwọ́ ara mi yọ òwú náà.

Mo ní, "Akínwálé, òkú ni wọ́n ń fi òwú dí létí. Ṣé o ti kú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Òkú, kò sì fi òwú sétí mọ́.

Fún ọdún díẹ̀, etí rẹ̀ ń là láàárọ̀. Ó di ọ̀sán kó tó là. Nígbà tó yá, kò là mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin á lọ sápá kan, òun á lọ sápá kejì, kò sì ní mọ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó. Nígbà tó wá sọ fún mi, mo ní bóyá ọjọ́ orí ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n kígbe pé kó sá fún pákó tó ń já bọ̀, tí kò gbọ́; orí ló kó o yọ. Mo ní kó máa lọ sílé, pé adití kò gbọdọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ. Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ dìde lórí àga.

Ẹ̀san kì í gbàgbé ilé! Etí tèmi náà tì. Oṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ọmọ mi lọ gba káàdì, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi títí, mi ò gbọ́. Ó pe ti ẹni tó jókòó tì mí, òun náà kò gbọ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú wò ó. Akínwálé ni!

Dókítà fẹnu sétí mi. Ó ní lóòótọ́ ni etí ń ṣọ́ ara rẹ̀, pé etí tó ń tì nírọ̀lẹ́ yẹn, ọlọ́dẹ ló ń jìjàkadì níbẹ̀. Àwa wá ń pàtẹ́wọ́! Ọlọ́dẹ tí kò rí ìsinmi, tí kò rí olùrànlọ́wọ́, ẹnu iṣẹ́ ni yóò kú sí.

Dókítà ní, "Bàbá, irun orí ló ń hù padà. Ti inú etí kì í hù."

Nígbà tí mo jáde, mo bá Akínwálé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó kàn ń wò mí lẹ́nu. Mo tún un sọ. Nígbà kẹta, igbe ni mo fi bọnu, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"Ọ̀gá, òkú kì í gbọ́rọ̀."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ẹ fi nǹkan dí etí yín, ẹ má tijú. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ má fi ìdajì ohun tí ẹ mọ̀ ba ayé ẹni tó gbà yín gbọ́ jẹ́. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, yálà ẹ̀yin lẹ yọ òwú, tàbí ẹ̀yin ni wọ́n yọ tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí fún mi. Ẹ má pè mí lórí fóònù o. Kíkà nìkan ló kù tí mo lè ṣe.