Ẹni Tí Ó Rọrùn fún Láti Ṣí

Òwúrọ̀ Sátidé kan, lórí fóònù, ni aránṣọ gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn. Aṣọ ìyàwó tí kò tíì lápá wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni àbúrò yìí ní yunifásítì, òfin àti ọrọ̀ ajé ni ó ń kọ́ni. Gbogbo Sátidé ni ó máa ń ka ohun tí ó bá kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá yé ẹni tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, a jẹ́ pé ó yé òun náà. Lọ́jọ́ yẹn, kò ka nǹkan kan. Ìbéèrè ni ó bi í.

"Àǹtí mi, nígbà tí ẹ gbé máṣíìnì kúrò lójú fèrèsé lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ṣé ó rọrùn fún yín lóòótọ́?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Ó rọrùn. Máṣíìnì lásán ni mo gbé, kì í ṣe òkè."

Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn: "Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Irọ́ ni aránṣọ pa.

Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, òun ni ó tọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, nínú yàrá méjì tí wọ́n gbà. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé lódìkejì ògiri, ó ní ariwo máṣíìnì kò jẹ́ kí òun sinmi. Aránṣọ gbé e lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn kì í dé. Ọmọ náà bínú, ó ní kí ló dé tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni yóò yẹra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹni tí ó bá rọrùn fún láti ṣí ni kí ó ṣí, kí ìjà tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ náà lára, kò sì jáde mọ́.

Ó ka ìwé òfin, ó tún lọ ka ọrọ̀ ajé. Nígbà tí ó di olùkọ́, àwọn olófin ní onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní lọ́yà ni. Ó wá dà bí àdán tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fo orúkọ rẹ̀ níbi ìgbéga. Olórí ẹ̀ka fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Aránṣọ ní kí ó lọ sọ fún un pé ológbò tó bá tó ológbò, inú ihò kan ni yóò ti ká méjèèjì mọ́.

Ìwé tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ́ ọ lé: bí aládùúgbò méjì bá ń di ara wọn lọ́wọ́, kí adájọ́ wo ẹni tí ó rọrùn fún jù láti yẹra, kí onítọ̀hún sì yẹra.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ẹjọ́ fi ìwé náà dájọ́. Àwọn ará òpópónà kan ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́jọ́, pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wọn jẹ́. Adájọ́ ní ilé iṣẹ́ kò ṣeé gbé, ènìyàn ló ṣeé gbé. Kí wọ́n kó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó bá ìyá àgbà kan tó ń gbọn eruku lára bẹ́ẹ̀dì. Ìyá náà kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé kan ló ní ó rọrùn fún wa. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi bi í pé ta ló sọ fún un."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ ìwé mìíràn tí yóò tako ti àkọ́kọ́. Àwọn ará òpópónà ti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lọ́yà wọn sì ń retí ìwé náà. Ó parí orí mẹ́fà. Ìkeje ni kò lọ.

Aránṣọ mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ ó ní ó rọrùn. Àgbà wo ni yóò sọ fún ọmọ tí òun tọ́ pé aṣọ tí òun rán nínú òkùnkùn yàrá ẹ̀yìn láti fi san owó ìwé rẹ̀ ti gba ojú òun ọ̀tún? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sídìí máṣíìnì, ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àbúrò onílé ni nọ́ọ̀sì. Ká ní ó kọ̀ ni, ìta ni wọn ì bá bá ara wọn. Kò rọrùn rárá. Kò lẹ́ni tí yóò gbèjà rẹ̀ ni. Ó pinnu pé bó bá di Sátidé, òun á sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkàn àbúrò rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan tó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwé náà wá. Ó ka orí keje sókè, gbólóhùn kan péré: "Mo bi ẹni tí ó ṣí, ó ní ó rọrùn."

Aránṣọ gbé ọwọ́ lé àyà. "Irọ́ ni mo pa fún un. Ẹ̀rù ló bà mí. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ilé ẹjọ́ fi dájọ́, mi ò lè fi ohun tí wọn ò kọ sí wọn lẹ́nu."

Aránṣọ ní kí ó kọ ọ́ ní orúkọ òun. Obìnrin náà kó àwọn ìwé náà padà sínú páálí.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ilé ẹjọ́ yóò jókòó. Orí mẹ́fà ni ìwé tuntun náà ní, lọ́yà kò lè gbé ìwé tí kò parí síwájú ilé ẹjọ́, kò sì tíì kúrò nínú páálí. Ìwé àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́.