Sóbò tó ń rùn kẹrosíìnì

"Ìyá Bísí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Kẹrosíìnì ló ń rùn nínú sóbò yìí!"

Ìyá Ridwan ló pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ Màámi níwájú ìsọ̀ wa ní àdúgbò Agric lọ́sàn-án yìí. Àwọn oníbàárà tó dúró rọra yísẹ̀ padà.

Ìgò rọ́bà tuntun ti wọ́n jù, ni Màámi bá ní kí àwọn oníbàárà máa dá èyí tí wọ́n ti lò padà, ká fọ̀ ọ́, ká tún un lò. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Ọ̀fìnkìn sì ti dí mi nímú látàná, mi ò gbóòórùn nǹkan kan.

Mo yí rọ́bà náà wò. Sítóòfù ti yọ́ ìdí ẹ̀ díẹ̀. Mo rántí ẹ̀ dáadáa.

Mo ní, "Ìyá Ridwan, ẹ̀yin lẹ mú eléyìí wá lánàá."

Màámi ní, "Pa ẹnu ẹ dé. Oníbàárà ni wọ́n."

Màámi bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún Ìyá Ridwan ní òmíì. Wọ́n ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn ò gba rọ́bà mọ́, sóbò á sì gbówó lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ńkọ́, kí lẹ máa ń rọ sínú rọ́bà kẹ́ ẹ tó dá a padà? Ẹ sọ òótọ́.

Láti ọ̀la, màá máa fi kútẹ̀sì sàmì sí ìdí rọ́bà. Èyí tí oníkálukú bá dá padà, inú ẹ̀ ni màá rọ sóbò tiẹ̀ sí. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan nílé.