Orí Ẹja Àbúrò Mi

Ọmọ Gberefu ni mí, etí òkun ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ dókítà ní n kò gbọdọ̀ mu omi àgbọn mọ́. Kídìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, mo sì ti kó wá sí Morogbo kí n má baà máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọsibítù. Ẹnu mi mú nígbà náà, gbogbo ilé ló mọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, apẹja, ló ní kí wọ́n yọ kídìnrín òun kan fún mi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ bá mu, àfi pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò mọ̀. Bí etí ò gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Dókítà pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì le, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo ti gbà yóò dáàbò bò mí, pé n óò máa lo oògùn, wọn yóò sì máa ṣọ́ mi. Ewu díẹ̀ wà níbẹ̀, kò fi pa mọ́. Mo ní mo gbà.

Nígbà tí àbúrò mi tún wá kí mi, ó gbé àwo àti ife tirẹ̀ wá láti Gberefu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú àwo kan ni àwa ọmọ ìyá méjì ti ń jẹun láti kékeré: èmi ni mo ń kọ́kọ́ bu òkèlè, òun ló ni orí ẹja. Ó bu ẹ̀bà àti orí ẹja tirẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kídìnrín yẹn sílẹ̀," ló wí. "Tí mo bá kó àrùn yìí ràn yín, tí ẹ wá kú, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ẹ̀rù bà mí, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè fún mi. Ẹ̀rù yẹn ló di ìbínú.

"Dókítà ní kì í ràn nínú àwo oúnjẹ. Ṣé etí rẹ di ni?"

Mo dìde, mo ki ọwọ́ bọ inú àwo rẹ̀, mo mú orí ẹja, mo jẹ ẹ́ tojú-tojú, mo sì fa egungun rẹ̀ mu.

Ó ń wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, orí ẹja mi lẹ jẹ yẹn. Ẹ tún fẹ́ gba kídìnrín lé e?"

"Mo fẹ́ gbà á."

Ẹ̀rín pa á, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ wọlé.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tó lè rìn, ó di ẹ̀gbẹ́ mú wá sí ìdí ibùsùn mi, ó wo àpò tí ìtọ̀ mi ń kán sí, èmi tí n kò tọ̀ dáadáa mọ́ tipẹ́tipẹ́. Ó wò ó títí.

"Orí ẹja mi ló ń ṣiṣẹ́ yẹn," ó ní.