Orúkọ Tí Sàfúrátù Kò Lè Pè

Ìbò gómìnà méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà náà, mo ṣì lè gun òkè Mápó láìdúró mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń pè mí sípàdé pé kí n sọ bí àwa olùkọ́ ṣe bá ìjọba jà, ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní àtẹ́wọ́ nínú.

Èmi ni mò ń ṣe kòkárí ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja Rábíátù, wà lórí àìsàn, wọn kò lè dìde. Sàfúrátù, ìyàwó àbúrò wa ọkùnrin, ti forúkọ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ kò jáde. Nígbà tí Alhaja sùn lọ, mo yọ káàdì wọn lábẹ́ ìrọ̀rí, mo nà án sí Sàfúrátù.

"Ìyàwó, bá wa fi èyí dìbò."

"Bàbá Tíṣà, ṣé kò ní í di wàhálà báyìí?"

"Wàhálà kí ni? Ṣebí àwọn tọ̀hún ń jí tiwọn lápòlápò."

Èmi tí mo ti fi ogún ọdún pariwo olè ìbò ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Bóyá ìdí tí mo fi mọ tiwọn dáadáa nìyẹn.

Ní ibùdó ìbò, ẹ̀rọ kò dá ìka rẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun, aró ti jẹ ìka ọ̀pọ̀ obìnrin àdúgbò wa. Lọ́dún náà, bí ẹ̀rọ bá kọ̀, wọn a wo àwòrán, wọn a sì béèrè orúkọ. Àwòrán orí káàdì yẹn ṣú bí ìdí ìkòkò.

Ọmọbìnrin tó ń yẹ káàdì wò bi í pé, "Màmá, kí lorúkọ yín?"

Sàfúrátù wojú mi. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti wọlé wa, kò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbàdíàrán ló máa ń pè wọ́n. Mo ń ṣẹ́jú sí i lókèèrè pé kó sọ orúkọ náà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó wá ní, "Ìbàdíàrán."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Aṣojú ẹgbẹ́ kejì kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ọlọ́pàá! Ẹ mú un! Kò mọ orúkọ ara ẹ̀!"

Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ fi orúkọ olórúkọ dìbò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tẹ̀ lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá ló sọ fún mi pé wọ́n béèrè ẹni tó fún un ní káàdì. Ó ní Bàbá Tíṣà ni. Wọ́n ní Tíṣà wo, kí lorúkọ rẹ̀? Kò pè é, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni èmi náà. Wọn kò tilẹ̀ wá mi. Ẹni tí wọ́n mú ti tó wọn.

Lọ́yà ẹgbẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ má yọjú o. Tí ẹ bá jẹ́wọ́, ẹjọ́ ìbò tí a fẹ́ pè ti wọmi nìyẹn."

Mo gbà fún un. Mo sá sábẹ́ ìwà ọmọlúàbí obìnrin yẹn, ó sì sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Alhaja ránṣẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. "Tíṣà, èmi ni mo lorúkọ tí wọ́n ní wọ́n jí. Ṣé ìyàwó mi ló jí i, àbí ìwọ?"

"Èmi ni, Alhaja."

"Kí lo wá jókòó tì mí fún?"

Lọ́jọ́ kejì, mo dìde ní kóòtù, mo sọ ohun tí mo ṣe. Adájọ́ kìlọ̀ fún Sàfúrátù, ó ní kó máa lọ ilé. Èmi ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ lé mi, ẹjọ́ ìbò náà kò sì já sí nǹkan kan. N kò kábàámọ̀ ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ló ń dùn mí, torí kò sí bí mo ṣe lè dá wọn padà.

Káàdì Sàfúrátù ti jáde báyìí. Láàárọ̀ ìbò tó kọjá, mo lọ bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, mo ní ká jọ lọ.

Kò gbójú sókè. "Bàbá Tíṣà, ẹ lọ di tiyín."

Èmi nìkan ni mo lọ.