Ọjọ́ Tí Ìyá Ute Kọ̀ Láti Tẹ̀ka

Mi ò tíì ga ju tábìlì tí bàbá mi fi ń gé aṣọ lọ nígbà tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí áyọ́ọ̀nù yẹn, tó wúwo bí ọmọ ọwọ́, tí eérú rẹ̀ máa ń fò wọ ènìyàn lójú. Àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi, Súlè Télọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù sí. Tí a bá ti ilé-ìwé dé, èmi ni mo máa ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, tí màá gbá àgékù aṣọ jọ, kí n tó sá lọ ṣe eré tẹ́ńtẹ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bá wá. Ìyá Ute ni a ń pè é, torí pé ìlú Ute, nítòsí Ọ̀wọ̀, ló ti ń ṣe oko láti ìgbà tó ti relé ọkọ. Yóò gbé iṣu dé, màmá mi yóò sè é, a ó fi epo pupa oníyọ̀ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì ń jó wa lọ́wọ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí mo bá ń kàwé fún un, ńṣe ni yóò tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan lè jábọ́ kí òun má rí i he.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, wọ́n sì ti ní àwọn máa lọ. Ìwé òfin tuntun fún gbogbo Nàìjíríà ló gba ẹnu rédíò. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a gbà á kíá, àwọn kan ní àwọn ò gbà. Bàbá mi fẹ́ kí a gbà á, ó sì ní ìdí. Sójà kan ti nà án rí lójú pópó, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí pé kò tètè yà fún ọkọ̀ wọn. Àpá kòbókò náà kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí wọ́n ṣáà ti lọ,” ni ó máa ń sọ. “Tí ìwé yẹn bá burú, a ó tún un ṣe tí wọ́n bá lọ tán.”

Ìyá Ute kò gbà. “Súlè, ìwọ tí o kì í gé aṣọ láìwọn ènìyàn, o wá fẹ́ kí n wọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n mí fún?”

Kò pẹ́, àwọn àgbà kan tó fara mọ́ òfin náà pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn. Wọ́n fẹ́ kí a tẹ̀ka sórí ìwé pé Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Bàbá mi ni wọ́n ní kó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá. Ó mú mi dání láti máa fi àgékù aṣọ nu yíǹkì kúrò níka àwọn ènìyàn. Ìyá Ute náà dé, òun àti àwọn obìnrin láti Ute àti Arimogija, wọ́n kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù.

Nígbà tó kàn án, kò na ọwọ́. “Ẹ ka ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ka sí fún mi.”

Alága, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín. “Ìyá, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì gùn. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́.”

“Ọmọ yìí gbọ́ òyìnbó.” Ó mú ìwé òfin náà lórí tábìlì, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

Mo wo bàbá mi. Ó mirí pé rárá. Síbẹ̀, mo ṣí i. Mo kà á, mo sì fi èdè Ọ̀wọ̀ wa sọ ọ́ bí ó ṣe yé mi: pé àwa ọmọ Nàìjíríà fúnra wa la jókòó, tí a fẹnu kò, tí a ṣe òfin yìí fún ara wa.

Ìyá Ute yíjú sẹ́yìn. “Ẹ̀yin ará Arimogija, ta ló jókòó nínú yín?” Ẹ̀rín sọ. “Oko ni èmi wà ní tèmi. Irọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fẹ́ kí n tẹ̀ka sí i!”

“Ràbí, gbé ìwé kalẹ̀!” bàbá mi pariwo.

Mi ò gbé e kalẹ̀. Mo gun orí bẹ́ńṣì, mo ń kà á lọ, títí alága fi já a gbà. Nígbà yẹn, àwọn obìnrin ti ń jáde, púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ti tẹ̀ lé wọn.

Bàbá mi mú mi kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ lókè, nínú oòrùn. Ó ní kí n bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú pé mo dójú tì yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀bẹ̀ pé mo kàwé.” Kó tó dá mi lóhùn, Ìyá Ute dé, ó sì kúnlẹ̀ tì mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?”

“Èmi ni mo rán an.”

“Ẹ ò mọ bí kòbókò ṣe rí!”

“Èmi ni mo fi epo pa ẹ̀yìn rẹ, Súlè. Torí ẹ̀yìn yẹn gan-an ni mi ò fi ní tẹ̀ka sí ohun tí àwọn tó nà ọ́ gbé wá.”

Bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì, ó fà wá dìde. 

Òfin náà dé bákan náà. Wọn ò dúró de ìka wa. Àwọn sójà lọ, bàbá mi sì yọ̀, mi ò sì bá a du ayọ̀ náà. Ìyá Ute ò gbà títí ó fi kú.

Láyé ìgbà náà, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń bá ara wọn jà lé lórí. Lónìí, ó wà nínú fóònù gbogbo wa, àwọn tó sì ń kà á ò pọ̀. Ọmọ tèmi ń bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀, mi ò sì jẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n tún ń tún un ṣe, wọ́n á sì jáde sórí rédíò pé gbogbo wa la fẹnu kò. Mo wà ní Ọ̀wọ̀ níbí, ilé mi kò fara sin. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí léèrè. Èmi náà ò sì tíì gbà.